Àgbò Àkíbù àti Ìwé Òfin Èrúwà

Àkíbù Láwàl kì í ṣe ẹni tó ń wá ẹjọ́. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn. Oko rẹ̀ wà lọ́nà Ìdèrè, ilé rẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà, kò sì sí wàhálà tó ń ṣe láàárín méjèèjì ju pé kó rìn lọ kó sì rìn bọ̀. Ó ké kéú díẹ̀ ní kékeré. Ó lọ síléèwé díẹ̀ náà, kí bàbá rẹ̀ tó ní iṣẹ́ oko ti pọ̀ jù. Ó lè ka orúkọ ara rẹ̀. Ó lè ka orúkọ ìlú tó wà lára mọ́tò. Ohunkóhun tó bá gùn ju ìyẹn lọ, ó máa ń fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní àyè.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí gbogbo Ìbàràpá ṣì ń gba àṣẹ láti káńsù tó wà ní Èrúwà. Ìléyá ọdún tó kọjá ni. Lọ́dún yẹn, Àkíbù kò rí àgbò pa. Òun àti Mùnírátù ìyàwó rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n ń gbọ́ bí àwọn ará agboolé ṣe ń gé ẹran lóde. Àwọn ọmọ wọn lọ jẹun níbi tí ẹran wà, wọ́n sì padà wálé pẹ̀lú ètè tó ń dán. Mùnírátù kò bínú. Ó kàn sọ jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá Àmínà, kí irú èyí má ṣe ojú wa mọ́."

Jẹ́jẹ́ yẹn ló dun Àkíbù. Ì bá sàn kó pariwo.

Bó ṣe lọ sí ọjà Lánlátẹ̀ nìyẹn, ó ra ọmọ àgbò kan tí ìwo rẹ̀ kò tíì ju ìka lọ. Ó ń fún un ní èèpo ẹ̀gẹ́. Ó ń fún un ní èérí ọkà. Nígbà tí Ìléyá tún fẹ́ sún mọ́, ìwo àgbò náà ti ká, ó sì tún ká. Kò so ó rí. Ẹran náà ń tẹ̀ lé e kiri bí ọmọ, ojú àwọn èèyàn sì ń ràn mọ́ ọn. Àkíbù fẹ́ràn kí ojú wọn máa ràn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Àkíbù wà lóko. Àgbò náà dá nìkan lọ sí ọjà Igbó-Ọrà. Ó dé ìdí àtẹ obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun láìkí ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn wolé-wolé ti Èrúwà dé pẹ̀lú lọ́rì. Wọ́n gbé e.

Òkè ni olórí wolé-wolé. Ọmọ Lánlátẹ̀ ni, ó máa ń wọ káákì tí wọ́n lọ̀ tí kò sí ibi tó hunjọ. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ le ni pé Òkè yìí náà ló fẹ́ Àpèkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àkíbù. Bàbá Àpèkẹ́ ni olórí agboolé wọn. Àna wọn ni Òkè, gbogbo ọkùnrin ilé náà ló sì gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún. Ó sì ń ṣe é dáadáa. Kò sí àna tó mọ ọ̀wọ̀ tó o ní gbogbo Ìbàràpá.

Àkíbù wọ mọ́tò Èrúwà lọ́jọ́ kejì. Òkè rí i láti ọ̀ọ́kán nínú ọgbà káńsù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ilé ńkọ́? Màmá Àmínà ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Àgbò mi ńkọ́?"

"Àlàáfíà ló wà, bàbá. Ó ń jẹun. Mi ò lè fún yín."

"Dìde ká sọ̀rọ̀."

"Tí mo bá dìde, bàbá, ohun tí mo fẹ́ sọ á dà bí àfojúdi. Ẹ jẹ́ n wà nílẹ̀." Ó gbójú sókè díẹ̀. "Lọ́la la máa lu ú ní gbàǹjo. Òfin ni. Òfin Ìpínlẹ̀."

Akọ̀wé kan yọ orí lójú fèrèsé, ó sì sọ gẹ̀ẹ́sì kan tó gùn láti ibẹ̀ dé Abẹ́òkúta. Àkíbù dúró títí ó fi parí.

"Ẹ ṣeun, sà," ló wí. "Òkè, níbo ni òfin náà wà?"

"Inú ìwé ni, bàbá."

"Ṣé o ti rí ìwé náà rí?"

Òkè gbé àyà sókè díẹ̀. Iyanrìn ti lẹ̀ mọ́ ọn nígbá àyà. "Ọ̀gá wa ti rí i," ló wí. "Ó wà ní láìbìrì ọ̀hún yẹn, lẹ́yìn igi máńgòrò. Ẹ lọ wò ó níbẹ̀."

Ó sọ ọ́ kí Àkíbù lè máa lọ ni. Kò mọ̀ pé yóò lọ síbẹ̀ lóòótọ́.

Ilé ìkàwé náà kò tóbi. Àkíbù yọjú, ó rí àwọn èèyàn tí wọ́n tẹrí ba, tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Kíá ló bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Àsàlámù àlékùn," ló wí.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kàwé ìdánwò dá a lóhùn kó tó rántí ibi tó wà. Obìnrin tó jókòó nídìí tábìlì ṣe ṣṣṣ sí i. Obìnrin náà ni Rebecca Gbénró, òun ló ń ṣọ́ ìwé ibẹ̀. Kọ́lá ẹ̀wù rẹ̀ le, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn.

"Bàbá, ẹ wọ bàtà yín. Mọ́ṣáláṣí kọ́ nìyí."

"Kí ló wá dé tí gbogbo wọn fi tẹrí ba?"

"Wọ́n ń kàwé ni. Ta lẹ fẹ́ rí?"

"Òfin ni mo fẹ́ rí."

Rebecca wò ó. "Òfin wo, bàbá?"

"Ṣé ó ju ọ̀kan lọ ni?"

Rebecca nawọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Pẹpẹ kan kún fún ìwé láti ilẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ ò tó. Wọ́n nípọn, wọ́n pupa, gbogbo wọn jọra bí ọmọ ìyá kan.

"Gbogbo èyí?"

"Ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan nìyẹn."

Àkíbù mí kanlẹ̀. "Abájọ," ló wí. "Abájọ tí èèyàn ò fi lè rìn kó má jìn sí i."

Ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Rebecca kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìwé tó gbẹ̀yìn wálẹ̀, ó ṣàlàyé pé ẹ̀yìn ìwé yẹn ni wọ́n to orúkọ ohun gbogbo sí, pẹ̀lú ojú ewé tí èèyàn á ti rí i. Ó wá àgùntàn. Kò sí. Ó wá ewúrẹ́. Kò sí.

"Ajá wà níbẹ̀," ló wí.

"Wọ́n ṣòfin fún ajá, wọn ò ṣe fún àgùntàn? Kí ni ajá ṣe fún wọn?"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, bàbá. Ẹ jẹ́ ká wo ọjà."

Ọjà wà níbẹ̀. Wọ́n ṣí i. Àwọn ọ̀rọ̀ ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Rebecca kà á tán, ohun tí gbogbo rẹ̀ wí ni pé kí káńsù kọ̀ọ̀kan lọ ṣòfin tirẹ̀ nípa ọjà tirẹ̀.

"Ìyẹn ni pé òfin ní ká lọ béèrè lọ́wọ́ òfin mìíràn," ni Àkíbù wí.

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Inú gásẹ́ẹ̀tì ló máa wà."

Gásẹ́ẹ̀tì ni ìwé tí ìjọba máa ń tẹ òfin tuntun sí. Wọ́n dì wọ́n ní ìdì-ìdì sí kọ̀rọ̀, eruku ti bò wọ́n. Rebecca sín. Ó pín in sí méjì, ó gbé apá kan fún Àkíbù.

"Mi ò lè kà á o, màdáàmù."

"Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Èrúwà?"

"Ìyẹn wà lára mọ́tò."

"Ẹ máa wá a. Tí ẹ bá ti rí Èrúwà, ẹ pè mí."

Àkíbù jókòó, ó gbé ìwé ìjọba lé itan bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Ó ń ṣí i, ó ń fi ìka tọ́ ọ. Ó rí Ọ̀yọ́. Ó rí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó rí Ìbàdàn títí Ìbàdàn fi sú u. Nígbà tí oòrùn ti yí kúrò lójú fèrèsé, ó ké pé, "Èrúwà rèé!" Gbogbo ilé ìkàwé gbórí sókè.

Òun náà ni. Rebecca kà á sínú, ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá.

"Wọ́n ní ẹran tí wọ́n bá mú nínú ọjà, wọ́n gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ ní àdúgbò tí wọ́n ti mú un kí wọ́n tó tà á. Tí ẹni tó ni ín bá dé, tí àwọn tó mọ ẹran náà sì jẹ́rìí, kí wọ́n dá a padà fún un. Ṣé wọ́n kéde?"

"Ta ló kéde? Obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló wá sọ fún mi. Èébú ló fi sọ ọ́."

"Ó dáa. Ó tún kù, bàbá. Ó ní—"

"Ó tó, màdáàmù. Ibi tó dáa yẹn ti tó."

Àkíbù ní kí ó yá òun ní ìwé náà. Rebecca ní wọn kì í gbé e jáde. Ó ní ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ wà, ṣùgbọ́n kò sí iná. Ó ní òun lè fi ọwọ́ dà á kọ.

"Rárá o. Òkè á ní èmi ni mo bẹ̀ yín kí ẹ kọ ọ́."

Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀. Ó ti mọ ohun tó máa ṣe. Ní agboolé wọn, ohun tí ẹnì kan dá gbọ́ kò tíì di gbígbọ́. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, bí ti ìyàwó ni, bí ti kànga ni, àfi kí àwọn àgbà jókòó kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́. Ìwé ló sọ èyí. Ìwé ò sì lè wá sí Igbó-Ọrà.

Lẹ́yìn ìrun aláàsárì, ó pe àwọn àgbà ilé jọ. Bàbá Àpèkẹ́ jókòó láàárín. Etí rẹ̀ ti di díẹ̀, nítorí náà igbe ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀, igbe lòun náà fi ń dáhùn.

"Ká lọ sí Èrúwà lọ gbọ́ ìwé?" ni Abíọ́nà wí. Ọmọ bàbá wọn ni Abíọ́nà, òun ló ní ewúrẹ́ jù lọ nínú ilé. "Ṣé wọ́n ń fúnni lóúnjẹ níbẹ̀?"

"Wọn kì í fúnni."

"Ṣé ìwé náà á pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ tán?"

"Kò pẹ́. Mo ti gbọ́ ọ."

Bàbá Àpèkẹ́ ní, "Òkè mú ẹran ilé wa, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ fún wa? A ó lọ."

Wọ́n lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ gbàǹjo gan-an. Rebecca ń to ìwé nígbà tí àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wọlé á kí ẹni tó ti wà nínú ilé, ẹni tó wà nínú ilé á béèrè ara, á béèrè ọmọ, á béèrè oko, bẹ́ẹ̀ inú mọ́tò kan náà ni gbogbo wọn ti bọ́ sílẹ̀. Rebecca ṣe ṣṣṣ sí wọn títí ètè rẹ̀ gbẹ.

"Kí ló ń ṣe é?" ni Bàbá Àpèkẹ́ béèrè.

"Ó ní ká dákẹ́!" ni Abíọ́nà ké sí i létí.

"Ó tọ́. Ẹ dákẹ́!" ni bàbá wí. Ìwé kan ṣubú lórí pẹpẹ.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Òkè pé bàbá ìyàwó rẹ̀ ń pè é. Òkè lè kọ ẹran fún wọn. Kò lè kọ ìpè. Ó sáré wọlé, ó rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín tábìlì méjì. Ó ń yí orí kiri nílẹ̀ kó lè kárí wọn. "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ káàbọ̀, bàbá."

"Ọ̀gá Òkè, àwọn èèyàn ń kàwé," ni Rebecca wí.

"Ẹ má bínú, mà. Àwọn àna mi ni."

"Kí ó dúró síbẹ̀," ni Bàbá Àpèkẹ́ wí. "Ìyá, jẹ́ kí ìwé sọ̀rọ̀."

Rebecca kà á ní ohùn ilé ìkàwé.

"Kí ló wí?"

Rebecca gbé ohùn sókè díẹ̀.

"Kí ló wí?"

Obìnrin yìí ti ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́ nínú ilé yìí láti ọjọ́ tó ti débẹ̀. Ó yọ gíláàsì, ó mí kanlẹ̀, ó sì fi igbe ka òfin káńsù débi pé àwọn tó ń kọjá lọ́nà dúró. Ó jọ pé ó dùn mọ́ ọn díẹ̀.

Bàbá Àpèkẹ́ bojú wolẹ̀. "Òkè, ṣé o kéde?"

Òkè dá sìmẹ́ńtì lóhùn. "Mi ò kéde, bàbá."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ò kéde!" ni gbogbo àwọn tó ń kàwé pariwo pa pọ̀. Ìdánwò ti fò lọ lọ́kàn wọn.

"Ta ló mọ ẹran náà?" ni bàbá béèrè.

"Èmi mọ̀ ọ́n," ni Abíọ́nà wí. "Òun ló jẹ àgbàdo tí mo sá sóòrùn."

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa," ni òmíràn wí. "Ó fi ìwo fọ́ ìkòkò omi ilé mi."

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n?" ni ẹnì kẹta wí. "Ó kàn mí ṣubú lọ́jọ́ Jímọ̀."

Wọ́n jẹ́rìí títí. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn ò mọ àgbò náà. Inú Àkíbù dùn. Ó ní, "Ẹ pa ìwé dé, màdáàmù. Ọlọ́run á san án fún yín."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Òkè wí láti ilẹ̀, "ẹ bá mi ka èyí tó tẹ̀ lé e."

Òkè ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé ìjọba kì í sọ̀rọ̀ kó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Rebecca kà á. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní gbogbo ẹni tó bá ní ewúrẹ́ tàbí àgùntàn gbọ́dọ̀ so ó mọ́lẹ̀ tàbí kó sé e mọ́nú ọgbà. Ẹni tí ẹran rẹ̀ bá wọ ọjà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbá ọjà náà ní ọjọ́ ọjà tó bá tẹ̀ lé e, lójú gbogbo èèyàn.

Kò sí ewúrẹ́ kan tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀ ní agboolé wọn. Ti Abíọ́nà pọ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ò mọ iye wọn, ọjà ni wọ́n sì ti ń jẹun àárọ̀.

"Kí ló wí?" ni Bàbá Àpèkẹ́ béèrè.

Àwọn tó ti ń pariwo láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo pẹpẹ ìwé.

"Bàbá ò gbọ́," ni Abíọ́nà sọ sí Àkíbù létí. "Tí bàbá ò bá gbọ́, a ò gbọ́ nìyẹn. Ká máa lọ."

"Ó dáa, bàbá," ni Òkè wí láti ilẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Tí ẹ ò bá gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn, èmi náà ò gbọ́ èyí tó ṣáájú. Gbàǹjo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Mo ní kí ló wí?"

Àkíbù wo Abíọ́nà. Abíọ́nà mi orí fún un. Lóde, wọ́n ti ń lu agogo, àwọn tó fẹ́ ra ẹran ti ń pé jọ. Àkíbù rántí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́rí. Ó rántí jẹ́jẹ́ Mùnírátù. Ó rìn lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, ó sì ké gbogbo rẹ̀ sí i, láti orí okùn títí dé orí ìgbálẹ̀. Kò fo nǹkan kan.

Bàbá Àpèkẹ́ yíjú sí i.

"Gbogbo wa?"

"Gbogbo wa, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi náà?"

"Ẹ̀yin náà."

"Ìwọ lo kó wa wá gbọ́ ọ?"

"Èmi ni."

Bàbá dìde, ó gbọn agbádá. "A ti gbọ́. Òkè, dìde, lọ mú ẹran wá. Abíọ́nà, lọ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta okùn ní Èrúwà yìí."

Òkè mú àgbò náà wá. Kò rù rárá. Nígbà tó fa okùn rẹ̀ lé Àkíbù lọ́wọ́, ó tún dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbá ọjà Igbó-Ọrà. Mo máa mú ìgbálẹ̀ wá fún yín fúnra mi."

Nínú mọ́tò, ẹnikẹ́ni ò bá Àkíbù sọ̀rọ̀. Àgbò nìkan ló fi orí lé e lórúnkún. Wọ́n dé Igbó-Ọrà ní ìrọ̀lẹ́. Mùnírátù rí àgbò náà, ó kúnlẹ̀, ó tún dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Lóde, ariwo ti sọ. Àwọn àgbà ilé ń sáré ewúrẹ́ pẹ̀lú okùn tuntun. Ewúrẹ́ tí kò mọ okùn rí, òrùlé ló ń gùn. Abíọ́nà ti ṣubú sẹ́nu kòtò ìdọ̀tí, ó di òbúkọ kan mú lẹ́sẹ̀, ó ń bú ìwé. Bàbá Àpèkẹ́ ń pàṣẹ láti orí àga, kò sì gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ nípa àbúrò rẹ̀.

Àánú ṣe Àkíbù. Ó so àgbò rẹ̀ mọ́ òpó, ó ká apá ẹ̀wù, ó fẹ́ jáde lọ ràn wọ́n lọ́wọ́.

Mùnírátù di ilẹ̀kùn mú. "Bàbá Àmínà, ẹ jókòó," ló wí. "Tí wọ́n bá rí yín níta báyìí, ẹ̀yin ni wọ́n máa so."